Iṣu Ẹ̀bẹ̀ Kì Í Ṣe Owó Ẹsẹ̀

Ẹ̀yin tí mọ́tò gbá, tí ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù báyìí, ẹ̀yin ni mò ń kọ ìwé yìí sí. Bí ẹ kò bá lè gbé e sókè, kí ẹni tó ń ṣètọ́jú yín kà á sí yín létí. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí i, mo sì ń pariwo láti inú rẹ̀ pé ẹ má gba ibí.

Télọ̀ ni mí. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ọkọ mi, Bàbá Bùnmi, jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò tíì ju bí ọdún mẹ́ta lọ tí Òṣogbo di olú-ìlú ìpínlẹ̀, mọ́tò sì ti pọ̀ lójú títì débi pé ẹlẹ́sẹ̀ kò mọ ibi tí yóò gbà mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, mo lọ ra síìpù àti òwú lọ́jà. Mo ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo há báàgì mi sí abíyá, mò ń ro aṣọ ìyàwó kan tó yẹ kí n gé. Bọ́ọ̀sì kan fẹ́ sáré kọjá òmíràn. Mo gbọ́ fèrè, n kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Nígbà tí ojú mi là, inú gọ́tà ni mo wà, àwọn èèyàn ń pariwo "Jésù! Jésù!" lórí mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Síìpù mi ni mò ń wá.

Ní ọsibítù, wọ́n fọ egbò náà, wọ́n fi báńdéèjì àti pátákó di ẹsẹ̀ náà. Dókítà ní eegun ojúgun mi ti ṣẹ́, ó sì ti dá awọ ara lu jáde. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, n óò pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mo rò pé nítorí eegun ni. Nítorí awọ tó lu ni.

Ọjọ́ karùn-ún ni àwọn ẹlẹ́bẹ̀ dé. Ẹni tó ni bọ́ọ̀sì náà jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí èmi àti ọkọ mi ń lọ, orúkọ tí gbogbo wa sì ń pè é náà ni Alàgbà. Kò wá bá wa tààrà. Ó kọ́kọ́ gbé ogún iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo kan lọ sílé Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Bọ̀ọ̀dá ló wá kó wọn wá: Alàgbà fúnra rẹ̀, dírẹ́bà rẹ̀, àti ẹni méjì nínú àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì ọsibítù. Dírẹ́bà ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí ẹni tó tó bí ọ lọ́mọ bá nà gbọọrọ nílẹ̀ nítorí rẹ. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo fi ẹsẹ̀ gbá mọ́tò wọn.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sẹ́ni tó jí láàárọ̀ tó ní òun ń lọ fi mọ́tò gbá ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ èṣù ni. Fọwọ́ sí ìwé yìí kí ọlọ́pàá lè tú mọ́tò sílẹ̀ fún Alàgbà. Òun náà ní ọmọ tó ń bọ́."

Bébà kan tí wọ́n ya kúrò nínú ìwé ọmọ iléèwé ni. Mo ka ìlà méjì àkọ́kọ́, pé èmi lágbájá ti dárí jì wọ́n tọkàntọkàn. Ìlà tó kù ń rìn lójú mi, nítorí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń gbé mi fò. Mo wo ojú ọkọ mi. Ó gbójú sí fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán an lọ síléèwé, kò lè já a níyàn níṣojú àlejò. Mo bá fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn ṣe "Àmín", wọ́n sì gbàdúrà fún mi kí wọ́n tó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá mi dé láti Iléṣà. Wọ́n ti sọ fún un pé dókítà ń sọ̀rọ̀ irin tí wọ́n máa fi sínú eegun. Ìyá mi kì í sọ Yorùbá Òṣogbo nígbà tí inú bá ń bí i. "Ọmọ mi, ká rèé ulé! Éè sí ohun tí àwọn aláṣọ funfun yìí mọ̀ nípa eegun." Bàbá kan wà ní Ọ̀tan-Ilé tó ń to eegun, òun ló to ti ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó já bọ́ lórí igi kòkó, ẹ̀gbọ́n mi sì ń gun igi títí dòní. Bọ̀ọ̀dá gbè é lẹ́yìn. Dókítà bẹ̀ wá. Ó ní, "Màmá, eegun lè jọ níbikíbi. Egbò yìí ló ń dẹ́rù bà mí." Ẹnì kan ṣoṣo ni, àwa sì pọ̀. Wọ́n gbé mi sínú mọ́tò lọ sí Ọ̀tan-Ilé.

N kò ní bú bàbá náà. Èèyàn rere ni, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ó mú àgbébọ̀ adìyẹ kan, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ níbi tí tèmi ti ṣẹ́ gẹ́lẹ́, ó sì fi ọparun di ti èmi àti ti adìyẹ lọ́jọ́ kan náà. Ó ní, "Ọjọ́ tí adìyẹ yìí bá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ìwọ náà á tẹ tìrẹ." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wo adìyẹ yẹn. Bó bá jẹun, inú mi a dùn. Bó bá kára jọ sójú kan, àyà mi a já. Nígbà tó rìn, ìyá mi bú sórin ọpẹ́ níwájú gbogbo agbo ilé. Èmi náà sì fi ọ̀pá rìn lóòótọ́.

Ohun kan ni kò sẹ́ni tó rò nínú gbogbo wa. Wọ́n ṣẹ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dá awọ rẹ̀ lu. Adìyẹ kò ní egbò. Èmi ní egbò.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ dé. Mo ti padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń fi ẹsẹ̀ òsì nìkan wa ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo rí i pé etí ìró mi tutù. Mo rò pé omi ló dà sí mi lára. Mo fọwọ́ kàn án, ọyún tó ń fà ni. Lọ́jọ́ kejì, ibà gbé mi lọ́sàn-án gangan, eyín mi ń gbá ara wọn nínú oòrùn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, lẹ́yìn tí ìyá mi ti kọrin ọpẹ́? Mo ra kápúsù aláwọ̀ méjì lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, mò ń já a, mò ń da ẹ̀tù inú rẹ̀ sójú egbò bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sí ẹran. Lọ́jọ́ kan oníbàárà mi kan wọlé, ó fa imú, ó ní, "Ìyá Bùnmi, àbí eku kú sábẹ́ àpótí yín ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ bá a wá eku náà.

Ọkọ mi ló mọ̀ nígbẹ̀yìn, nítorí òórùn kì í bo àṣírí. Ó gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Iléṣà, níbi tí dókítà eegun ti máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Agogo mẹ́fà àárọ̀ la débẹ̀, a bá èèyàn tó kún bẹ́ǹṣì márùn-ún. Wọ́n fún wa ní páálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ẹni tó jókòó tì mí rọra sún kúrò, ẹni tó tẹ̀ lé e náà sún, títí èmi àti ọkọ mi nìkan fi ṣẹ́ kù lórí bẹ́ǹṣì kan. Ó ti kọjá agogo méjì ọ̀sán kí wọ́n tó pè wá. Dókítà wo ẹsẹ̀ náà, ó wo fọ́tò eegun tí wọ́n yà, ó sì yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Màmá, ìdọ̀tí ti wọ inú eegun yín. A ní láti ṣí i, ká ha èyí tó ti kú kúrò."

Mo ní, "Bí a kò bá rówó ẹ̀ ńkọ́?"

"Kí oṣù yìí tó parí, ẹ wá a. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe eegun la máa gé."

Ìjọba kò tíì sanwó oṣù fún ọkọ mi. Ó tọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn lọ, wọ́n ní kó dúró de ìpàdé. A rán Bọ̀ọ̀dá sí Alàgbà. Bọ̀ọ̀dá padà dé, ó ń wo bàtà rẹ̀. Alàgbà ní òun kẹ́dùn, òun á máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n ṣebí a ti parí ọ̀rọ̀ náà, ìwé sì wà lọ́wọ́ òun. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ju ọ̀pá mi. Mo dárí jì yín, ẹ wá fi ìdáríjì mi tìlẹ̀kùn mọ́ mi!

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màmá Kẹ́mi wá gba búláòsì rẹ̀. Akọ̀wé ni ní kóòtù. Ó gbọ́ gbogbo ìtàn náà lórí ìdúró, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan: "Iléeṣẹ́ wo ló ṣe inṣọ́ránsì bọ́ọ̀sì náà?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Inṣọ́ránsì kẹ̀? Ṣebí nítorí ọlọ́pàá ni wọ́n ṣe ń rà á."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bùnmi, nítorí irú ẹsẹ̀ yín yìí gan-an ni ìjọba ṣe sọ ọ́ di dandan."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún gbogbo wa. Kò sí onímọ́tò ní Òṣogbo tí kò mọ bébà yẹn. Bí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró, wàá fà á yọ, ó á wò ó, wàá lọ. A mọ̀ ọ́n bí ìwé àṣẹ ìkọjá. Kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa, títí kan Alàgbà tó ń san án lọ́dọọdún, pé ó lè sọ̀rọ̀ nítorí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Màmá Kẹ́mi mú wa lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan tí ìjọba ń sanwó fún láti gbèjà ẹni tí kò ní. Obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni. Ó béèrè káàdì ọsibítù, ó béèrè bóyá ọlọ́pàá kọ ìjàǹbá náà sílẹ̀. Ó wá ní, "Mà, ṣé ẹ fọwọ́ sí nǹkan kan?" Mo sọ fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ bá mi wá nọ́ńbà ìwé inṣọ́ránsì náà, ti ọdún tí ó gbá yín ni o. Tó bá jẹ́ ayédèrú ni wọ́n tà fún bàbá yẹn, kò sí iléeṣẹ́ kankan tí a máa dì mú."

Bọ̀ọ̀dá gbọ́, ó pe ìpàdé ẹbí. Ó ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ọ lo fẹ́ pè lẹ́jọ́? Ọjọ́ tí o bá ṣe é, má fẹsẹ̀ kan ilé mi mọ́."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ wo, Bọ̀ọ̀dá?"

Bàbá Bùnmi, tí kò já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níyàn rí láyé, dìde dúró. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi àti ìyàwó mi á lọ." Mo sunkún nígbà tí a jáde, kì í ṣe nítorí ìrora.

Alàgbà rí wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò pé bọ́ọ̀sì rẹ̀ la wá gbà. Mo ní, "Alàgbà, ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ kó sanwó. Ìwé inṣọ́ránsì yín la wá wò." Ó ní, "Ṣé àwọn ará Ìbàdàn tó ni iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì náà, tí n kò rí sójú rí, ni yóò sanwó ẹsẹ̀ rẹ, ọmọ mi?" Ó tú àpótí, ó tú abẹ́ ibùsùn. Ó ti lẹ tuntun mọ́ gíláàsì, èyí tó ti kú ni a sì ń wá. Ìyàwó rẹ̀ ló rí i láàárín ìwé orin. Ọkọ mi da nọ́ńbà rẹ̀ kọ. Alàgbà wá sọ ọ̀rọ̀ tó mú mi rántí ayédèrú tí lọ́yà wí: òun kò wọ ọ́fíìsì wọn rí, ọkùnrin kan tó máa ń dúró níta níbi tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ńsì ló bá òun rà á.

Lọ́yà kọ̀wé sí Ìbàdàn. A ń dúró de èsì, a ń dúró de ìpàdé ẹgbẹ́, a ń dúró de owó oṣù. Láràárọ̀ ni mò ń ṣí báńdéèjì, tí mò ń wo ibi tí dúdú dé. Ó ń gòkè. Oṣù parí. Owó ẹgbẹ́ jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ibà náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi, n kò dá ọmọ mi mọ̀ mọ́.

Nígbà tí dókítà sọ ohun tó fẹ́ ṣe, ìyá mi ju ara rẹ̀ sílẹ̀. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́!" Dókítà fà á dìde. Ó ní, "Màmá àgbà, orí náà la fẹ́ gbà là." Wọ́n gbé ìwé wá fún mi nígbà tí ojú mi wálẹ̀ díẹ̀. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà, mo sì fọwọ́ sí i. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lábẹ́ orúnkún.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ mi mú èsì Ìbàdàn wá. Ojúlówó ni ìwé Alàgbà. Àmọ́ ìpínrọ̀ kejì wà: àwọn ti rí ẹ̀dà ìwé ìdáríjì náà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, níwọ̀n ìgbà tí mo ti fọwọ́ sí i pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́, àwọn kò ní nǹkan kan láti san.

A lọ sí kóòtù. Ó lé lọ́dún kan kí ọ̀rọ̀ tó kàn wá, n óò máa fi ọ̀pá méjì gun àtẹ̀gùn, wọn óò sún ọjọ́ síwájú, n óò tún sọ̀ kalẹ̀. Lọ́yà àwọn ará Ìbàdàn na bébà ìdáríjì yẹn sí mi lójú. "Ṣé ọwọ́ yín nìyí?" Mo ní ọwọ́ mi ni. "Ṣé ẹ gba iṣu?" Mo ní a gba iṣu. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ó ti parí fún wa.

Wọ́n pe Alàgbà. Bébà yẹn ń dáàbò bò òun náà, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Bó bá ní òótọ́ ni, a ti parí ẹ̀, òun á lọ sílé ní àlàáfíà. Lọ́yà mi bi í pé, "Bàbá, kí lẹ fi ogún iṣu yẹn rà?"

Ó wo ọ̀pá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "N kò fi ra nǹkan kan. Ẹ̀bẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ wa, iṣu ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe owó ẹsẹ̀. Bí mo bá dúró níhìn-ín tí mo ní mo fi iṣu ra ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kí ni n óò sọ níwájú Ọlọ́run?" Ó ní oorun abẹ́rẹ́ wà lójú mi lọ́jọ́ náà, òun rí i, kò sì sẹ́ni tó ka ìwé náà sí mi létí.

Adájọ́ kọ̀wé, ó kọ̀wé. Kí ọjọ́ míì tó pé, àwọn ará Ìbàdàn ránṣẹ́ pé àwọn ṣe tán láti san. Wọ́n sì san. Òun la fi yanjú ọsibítù, tí a sì fi ra ẹsẹ̀ tí mò ń wọ̀.

Bọ̀ọ̀dá wá kí mi. Mo sọ ọ́ sí i lójú, n kò fi pa mọ́: "Bọ̀ọ̀dá, ká ní ẹ béèrè bébà inṣọ́ránsì lọ́jọ́ tí ẹ gba iṣu, ǹ bá ṣì ní ẹsẹ̀ méjì." Ó yọ fìlà. Ó ní, "Ìyàwó wa, mo jẹ̀bi." Ẹ̀gbọ́n ọkọ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó. Mo gbà á, mo sì sọ fún un pé ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dárí ji ẹni tó gbá yín. Ẹ gba iṣu wọn, ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan lórí bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe wù kí ẹni tó gbé e wá dàgbà tó. Kí ẹnì kan nínú ẹbí lọ da nọ́ńbà mọ́tò àti ti inṣọ́ránsì kọ kí wọ́n tó gbé mọ́tò kúrò. Ẹ wá lọ́yà kíá, ìjọba ní èyí tí kì í gbowó lọ́wọ́ tálákà. Bí awọ bá sì ti lu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò lọ́dọ̀ dókítà. Èmi ò sọ pé kí ẹ bú oníṣègùn. Ẹ rántí adìyẹ yẹn ṣá.

Ní tèmi, mo ń rìn. Mo ń ránṣọ, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Alàgbà sì máa ń dìde fún mi kí n lè jókòó létí ọ̀nà àárín ìjókòó. Ara mi le. Ohun kan ló kù tí kò sí lọ́yà tó lè bá mi gbà á. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ báyìí, tí mo bọ́ ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ lọ́sàn-án kí n sinmi, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti họ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Ọkọ mi a gbójú sókè, a ní, "Ibo ló ń yún ọ?" Mo máa ń fi hàn án lórí ẹní. Kì í sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó máa ń na ọwọ́, á sì bá mi họ ibẹ̀ títí yóò fi dẹwọ́.